Iná Ìkìlọ̀ Ẹ́ńjìnnì: Ońṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Àrùn

Láàárín àwọn iná wẹ́wẹ́ tí ó wà lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀kan wà tí ó ti sú ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì í. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tí ó pọ́n, àwòrán ẹ́ńjìnnì ni ó sì wà lára rẹ̀. “Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì” ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Bí iná yìí bá tàn lónìí, awakọ̀ a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, iná a sì kú. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, iná a tún tàn. Awakọ̀ a ra pátì tuntun, iná a tún kú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti padà dé. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà a sú ẹlòmíràn, a sì wá nǹkan dúdú lẹ̀ mọ́ ojú iná náà. Ẹlòmíràn a ní kí rìwáyà yọ gílóòbù rẹ̀ sọnù, kí ojú òun lè sinmi.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀, tàbí tí ń fi ọkọ̀ jẹun, mọ̀ ni pé iná yìí kì í tàn lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iná náà gan-an ni àrùn. Ońṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá pa ońṣẹ́ lẹ́nu mọ́ kò tíì gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ìdajì iṣẹ́ náà, tí ó sáré lọ sí ọjà pátì, lè ná owó oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kò sí ní ọjà náà rárá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ kí a fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé Toyota Corolla kan, tí a ṣe ní 2008, tí ó sì ti Amẹ́ríkà dé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, ni ó fi ń kó èrò láti Kàdúná gba Sáríà lọ sí Kánò. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré lójú títì, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n díẹ̀. Epo tí ó ń jẹ sì ti ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iná ìkìlọ̀ tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan so ẹ̀rọ síkáànì mọ́ ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ náà sì gbé kódù kan jáde: P0171. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Alájì, sẹ́ńsọ̀ tí ó wà lára sàlẹ́ńsà yín ni ó ti kú.”

Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì tún tàn. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ kejì ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà. Iná tún tàn. Wọ́n ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Iná kò gbọ́. Owó tí awakọ̀ náà fi pamọ́ fún ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀ tán, iná sì wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó lójú.

Níbo ni àṣìṣe wà? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iná yìí ti wá, àti iṣẹ́ tí a fi rán an.

Ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1943, èéfín kan tí ń ta ojú, tí ó sì ń ha ọ̀nà ọ̀fun, bo ìlú náà mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn kan sì rò pé àwọn ọ̀tá ni ó da májèlé sínú afẹ́fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, ọ̀mọ̀wé nípa kẹ́míkà tí a bí ní ilẹ̀ Họ́lándì, fi hàn pé èéfín tí ń jáde láti ìdí ọkọ̀, pẹ̀lú oru epo láti ibi ìfọpo, ni oòrùn ń pò pọ̀ tí ó fi ń di èéfín búburú náà. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le sí i. Ní 1970, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá kan lórí afẹ́fẹ́ mímọ́. Nígbà tí ó sì di orí àwọn ọkọ̀ ti 1975, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kátálíìsì, èyí tí í máa sọ gáàsì olóró di aláìlóró, sí ọ̀nà sàlẹ́ńsà.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹ́kù. Ọkọ̀ lè mọ́ tónítóní ní ọjọ́ tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́, kí ó sì di eléèéfín lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹni tí ń wà á fura. Nítorí èyí ni Kalifọ́níà ṣe pàṣẹ pé, láti orí àwọn ọkọ̀ ti 1988, ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó sì tan iná bí nǹkan bá bàjẹ́. Nígbà tí ó di orí àwọn ọkọ̀ ti 1996, ó di ọ̀ranyàn kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà ní Amẹ́ríkà máa fi ọ̀nà kan náà ṣọ́ ara wọn, kí kódù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ojú ihò tí a ń so ẹ̀rọ síkáànì mọ́ sì jẹ́ ọ̀kan náà: ihò tí ó ní ojú 16, lábẹ́ dáṣíbọ̀ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe irú òfin yìí fún ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù ní 2001, àti fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń lo dísù ní 2004.

Ìtàn yìí ní ẹ̀kọ́ nínú. Nítorí èéfín ni a ṣe dá iná náà sílẹ̀, kì í ṣe nítorí kí ọkọ̀ má dákú sójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè máa sáré geere tí iná náà sì tàn. Ẹni tí ó bá ń sọ pé, “Ọkọ̀ mi kò ṣe nǹkan kan, iná ni ó ń purọ́,” kò mọ ohun tí a fi iná náà ṣọ́.

Ó sì yẹ kí a ya iná yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn iná pupa. Iná pupa ti ọ́ìlì, àti ti ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná jù, kò fi àyè sílẹ̀ fún àròjinlẹ̀: kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń lọ bí ó ti yẹ, awakọ̀ lè rọra dé ilé, kí ó sì wá mẹkáníìkì láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tí ó ń tàn tí ó ń kú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Èyí fi hàn pé epo inú sílíńdà kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jó. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísìfáyà. Epo tútù náà yóò ṣàn lọ sínú kátálíìsì, ibẹ̀ ni yóò ti gbiná, kátálíìsì yóò sì gbóná débi pé yóò bàjẹ́. Kí awakọ̀ dín eré kù kíákíá, kí ó má ṣe tẹ iná mọ́ ọn, kí ó sì wá ibi tí yóò dúró sí.

Wàyí o, kí ni ọkọ̀ ń ṣọ́, báwo ni ó sì ṣe ń ṣọ́ ọ? Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kábúrétọ̀ ni ó máa ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn; mẹkáníìkì a tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, a sì fi sukurudíráfà tún un ṣe títí ohùn rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènì-bọ́ọ̀sì ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Kìlógíráàmù bẹntiróòlù 1 ń fẹ́ atẹ́gùn tí ó tó nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 kí ó tó lè jó tán dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń wọn atẹ́gùn tí ń wọlé. Bréènì-bọ́ọ̀sì a wo ìwọ̀n náà, a sì pàṣẹ fún àwọn nọ́sùlù pé kí wọ́n tu epo báyìí-báyìí. Lẹ́yìn tí epo bá ti jó, sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí ó wà lára sàlẹ́ńsà a tọ́ èéfín náà wò, a sì ròyìn bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí bí kò bá tó. Bí ó bá pọ̀ jù, bréènì-bọ́ọ̀sì a fi epo kún un. Bí kò bá tó, a dín epo kù. Ó sì ń kọ iye tí ó fi kún un tàbí tí ó dín kù sílẹ̀, bí ẹni ń kọ ìwé gbèsè.

Àtúnṣe kékeré kì í ṣe ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí àfikún epo náà bá ga tó bí 20 tàbí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà bá ti là á sílẹ̀, bréènì-bọ́ọ̀sì a mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ tí àtúnṣe òun kò lè bò mọ́. Nígbà náà ni yóò kọ kódù sílẹ̀ tí yóò sì tan iná.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka kódù awakọ̀ Kàdúná náà. Lẹ́tà P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. 0 tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé kódù náà jẹ́ ti gbogbo ọkọ̀, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. 1 tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí epo àti atẹ́gùn. 71 ni ó dárúkọ ọ̀ràn náà. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ó ń wí ni pé: “Èmi bréènì-bọ́ọ̀sì ti ń fi epo kún epo, síbẹ̀ atẹ́gùn ṣì pọ̀ ju epo lọ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì.” Kódù náà kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Sẹ́ńsọ̀ ni ó tilẹ̀ mú ìròyìn náà wá! Ẹlẹ́rìí ni wọ́n mú lọ sí àtìmọ́lé. Olè ṣì wà nínú ilé tí ó ń jẹun.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nǹkan bíi méje, ó kéré tán, ni ó lè mú P0171 jáde. Rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lè là, kí atẹ́gùn tí a kò wọ̀n máa yọ́ wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì lè ya. Eruku, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, lè bo sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn atẹ́gùn, kí ó máa ka púpọ̀ sí díẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù epo lè rẹ̀. Àsẹ́ epo lè dí. Nọ́sùlù lè dí. Ihò lè wà lára sàlẹ́ńsà níwájú sẹ́ńsọ̀, kí atẹ́gùn òde máa wọ ibẹ̀, kí ó sì tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Ẹni tí ó bá ń fi owó pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyẹ ọ̀kankan wò, ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Èéṣe, nígbà náà, tí iná fi ń kú nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi pátì tuntun sí i? Níhìn-ín ni ẹ̀tàn ńlá wà. Kì í ṣe pátì ni ó pa iná náà. Bọ́tìnì tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ lára ẹ̀rọ síkáànì ni ó pa á. Bí a bá fi ẹ̀rọ pa kódù rẹ́, tàbí bí a bá tú orí bátìrì, bréènì-bọ́ọ̀sì a gbàgbé ohun tí ó mọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ rẹ̀ lọ́tun. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àléébù, kì í sì í tan iná ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá rí i. A kọ́kọ́ fi sínú, a dúró de ìrìn àjò mìíràn. Bí ó bá tún rí i, nígbà náà ni yóò tan iná. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́rin tí iná fi kú kì í ṣe ọjọ́ ìwòsàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ fi ń tún ẹ̀rí kó jọ ni.

Bí a bá tún ọkọ̀ ṣe ní tòótọ́, iná náà lè kú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án: bí bréènì-bọ́ọ̀sì bá ti ṣe àyẹ̀wò náà nínú ìrìn àjò mẹ́ta léra léra tí kò sì rí àléébù náà mọ́, yóò pa iná. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná tí ó sì tutù fún nǹkan bí ìgbà 40 láìsí àléébù, yóò pa kódù náà rẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé awakọ̀ yìí gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan ní Kánò. Ohun àkọ́kọ́ tí àgbà náà ṣe ni pé kò pa kódù rẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ka àkọsílẹ̀ tí bréènì-bọ́ọ̀sì tọ́jú nípa ìṣẹ́jú tí àléébù náà ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ọkọ̀ sì dúró sójú kan. Ẹni tí ó bá pa kódù rẹ́ kí ó tó ka èyí ti ya ìwé ẹ̀rí dànù.

Lẹ́yìn èyí, ó wo ìwé gbèsè epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, àfikún epo jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó ní kí wọ́n tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, àfikún náà wálẹ̀ sí 6. Ìyàtọ̀ yìí sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pọ́ọ̀ǹpù tàbí àsẹ́ epo ni ó ní àléébù, ọ̀ràn náà ìbá burú sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò kékeré kan bá ń fa atẹ́gùn wọlé, ìwọ̀nba atẹ́gùn náà ni yóò hàn gbangba nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí gùúlègùúlè, èyí tí ó yọ́ wọlé kò já mọ́ nǹkan. Láìtíì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àgbà náà ti mọ̀ pé atẹ́gùn ni ó ń jò.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ẹ̀rọ kan fẹ́ èéfín funfun sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kò pẹ́ tí èéfín fi yọ jáde lábẹ́ rọ́bà kékeré kan tí ó so ìdérí ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀nà atẹ́gùn. Ooru ti mú rọ́bà náà gan, ó sì ti là ní abẹ́, níbi tí ojú kò lè rí i. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àfikún epo wálẹ̀ sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà náà ni àgbà yìí tó pa kódù rẹ́, ó ní kí awakọ̀ lọ sí Kàdúná kí ó sì bọ̀, kí òun lè tún un yẹ̀ wò. Iná kò tàn mọ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì àti pọ́ọ̀ǹpù kan tí awakọ̀ rà kò ní ẹjọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú àpẹẹrẹ yìí ni ètò iṣẹ́ náà: a ka kódù, a wá ìdí rẹ̀, a dán ìdí náà wò, a tún un ṣe, a sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn àtúnṣe. Ètò yìí bá àwọn kódù mìíràn mu pẹ̀lú.

Bí kódù bá jẹ́ P0301, sílíńdà kìíní ni epo kò ti jó. Kí a tó ra kọ́ìlì tuntun fún ọkọ̀ tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, kí a yọ kọ́ìlì sílíńdà kìíní, kí a fi ti èkejì rọ́pò rẹ̀, kí a sì fi ti kìíní sí èkejì. Bí kódù bá di P0302, àléébù náà ti tẹ̀ lé kọ́ìlì. A ti mú olè. Bí kódù bá dúró sí P0301, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kí a wo púlọ́ọ̀gì, kí a wo nọ́sùlù. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ P0128, ohun tí ọkọ̀ ń wí ni pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bí ó ti yẹ. Àṣà kan ti wọ ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́kọ̀ṣe ní ilẹ̀ olóoru yìí, pé kí a yọ tẹ́mósítáàtì sọnù kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Nínú ọkọ̀ òde òní, èyí ń tan bréènì-bọ́ọ̀sì jẹ: yóò rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, yóò sì máa tu epo púpọ̀. Awakọ̀ ń sanwó epo lójoojúmọ́ nítorí pátì kékeré kan tí a yọ, iná kò sì ní í kú títí a ó fi dá a padà.

Bí ó bá jẹ́ P0420, kátálíìsì ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ dójú ìwọ̀n mọ́. Nígbà mìíràn, ó ti gbó, tàbí mísìfáyà tí a kò tètè wò ni ó bà á jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí nínú ọkọ̀ náà mọ́: a ti gé e kúrò, a sì ti tà á, nítorí pílátínọ́mù, paládíọ́mù àti ródíọ́mù tí ó wà nínú rẹ̀, tí owó wọn ga. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tí yóò pa irú iná bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ P0455, oru epo ni ó ń jò. Ìdérí táńkì epo tí a kò dé le lè tó láti fà á. Kí a kọ́kọ́ yẹ ìdérí náà wò kí a tó pe mẹkáníìkì.

Nígbà mìíràn pàápàá, àléébù náà kì í ṣe ti ọkọ̀. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba Nàìjíríà kéde pé bẹntiróòlù kan tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ ti wọ orílẹ̀-èdè náà, a sì kó o kúrò lọ́jà. Epo ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ráhùn pé ọkọ̀ àwọn bàjẹ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í béèrè atẹ́gùn púpọ̀ bí bẹntiróòlù láti jó. Bí ó bá pọ̀ jù nínú epo, ọkọ̀ lè ròyìn pé atẹ́gùn ju epo lọ. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ a máa béèrè ibi tí a ti ra epo kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí a rà á.

Ọ̀ràn yìí kan ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ pẹ̀lú, yálà ní Èkó, ní Kùtọnu, tàbí ní Kùmásì. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì: iná ìkìlọ̀ náà gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí ó ti gé wáyà rẹ̀. Bí ó bá sì tàn tí ó kú bí ó ti yẹ, èyí nìkan kò tó. Kí ó jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ síkáànì wo bóyá bréènì-bọ́ọ̀sì ti parí àwọn àyẹ̀wò tí ó ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó lè jẹ́ pé a pa kódù rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí oníbàárà tó dé. Kí olùrà fi sùúrù wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti owó ẹnìkan lọ. Ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà pé kí ọkọ̀ tí ń wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tuntun àti tòkunbọ̀, má ṣe rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n èéfín tí a ń pè ní Euro 4 lọ, kí ìmí-ọjọ́ inú epo má sì ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù 1. Ìlànà rere ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó dójú ìwọ̀n ní ẹnu ibodè, tí a wá gé kátálíìsì rẹ̀, tí a yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀, tí a sì bo iná ìkìlọ̀ rẹ̀ lójú, kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a kò ṣe òfin kankan lé lórí. Àwọn tí ń ta ọjà lẹ́bàá títì, àti àwọn ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé, ni yóò fa èéfín rẹ̀ sínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ọkọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè di mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti bi mẹkáníìkì rẹ̀ kí ó tó tọwọ́ bọ àpò. Èkíní: kí ni kódù náà, kí ó sì jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì: ìdánwò wo ni ó fi hàn pé pátì yìí gan-an ni ó bàjẹ́. Ẹ̀kẹta: báwo ni a ó ṣe mọ̀, lẹ́yìn àtúnṣe, pé ọ̀ràn náà ti parí, yàtọ̀ sí pé iná kú. Mẹkáníìkì rere kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Yóò tilẹ̀ yọ̀ pé a mọ iyì iṣẹ́ òun. Owó tí a san fún àyẹ̀wò kì í ṣe owó tí ó sọnù. Owó tí a fi ra pátì tí kò bàjẹ́ ni ó sọnù.

Àrùn tí a fi pamọ́ kì í sàn, èyí tí a sì wò láìmọ ìdí rẹ̀ a máa padà wá. Bí iná kékeré náà bá tún tàn lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù, kí a má ṣe bá a jà, kí a má sì bò ó lójú. Kí a fún un láyè kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Lẹ́yìn èyí, yóò kú fúnra rẹ̀.